Ta Ló Ni Ilẹ̀ tí Mo Rà?

Orúkọ tí àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Ìkéré-Èkìtì ń pè mí ni Bàbá Àbújá. Bí mo bá ń kọjá lọ sí ọjà, ẹ ó máa gbọ́ wọn: "Bàbá Àbújá, ẹ káàárọ̀ sà!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó sì dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi, orúkọ yẹn máa ń gún mi lára bí ẹ̀gún. Ní gbogbo Àbújá pátá, n kò ní ilẹ̀ tó tó èyí tí adìyẹ lè fi ẹsẹ̀ tan. Mo ní in rí o, tàbí kí n kúkú sọ pé mo rò pé mo ní in. Bí mo ṣe ní in àti bí kò ṣe sí mọ́ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa ní ọdún 2025 tí kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́nú mọ́.

Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní ọdún 1976. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún náà, bàbá mi jókòó ti rédíò rẹ̀, àwa ọmọ àti àwọn aládùúgbò yí i ká. Ọ̀gágun Murtala Muhammed ló ń bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀. Ìpínlẹ̀ 12 tí a ní di 19. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Òndó sílẹ̀, Àkúrẹ́ sì ni olú-ìlú rẹ̀. Háà, ariwo ta! Àwọn tó wà nílé wa fò sókè, nítorí Àkúrẹ́ kò jìnnà sí wa rárá. Ìjọba tí à ń wá lọ sí Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ ti dé ẹ̀yìn ilé wa nìyẹn. Nínú ariwo yẹn, díẹ̀ ló kù kí a má gbọ́ ọ̀rọ̀ kejì tí ọ̀gágun náà sọ, pé olú-ìlú Nàìjíríà yóò kúrò ní Èkó, yóò lọ sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè. Bàbá mi nìkan ló dákẹ́. Ó ní, "Ibi tí wọ́n ń wí yẹn, ta ló ń gbé ibẹ̀?" Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n pa Murtala.

Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo wá mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan pé kí wọ́n wò ó bóyá kí olú-ìlú ṣì wà ní Èkó tàbí kí ó kúrò níbẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́, aládùúgbò wa, ni wọ́n fi ṣe alága, Adájọ́ Akínọlá Agúdà. Tai Ṣólàrìn náà wà nínú wọn, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ mọ ṣòkòtò péńpé. Wọ́n rí i pé omi ló yí Èkó ká, ilẹ̀ kò tó mọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti di àrùn, ìjọba méjì sì ń du àyè kan ṣoṣo, ti àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Wọ́n rìn káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n sì mú ibì kan ní òkè ibi tí odò Ọya àti odò Benue ti pàdé, níbi tí èèyàn kò pọ̀ sí, tí ọ̀kankan nínú àwọn ẹ̀yà ńlá mẹ́ta kò lè sọ pé ilé bàbá òun ni. Òfin kẹfà ọdún 1976 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lára ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara ìgbà náà ni wọ́n ti gé ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn nínú ohun tí mo sọ yìí: níbi tí èèyàn kò pọ̀ sí. Pé èèyàn kò pọ̀ kò túmọ̀ sí pé èèyàn kò sí. Ìbéèrè bàbá mi ṣì dúró.

Ní ọdún 1977 ni mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, mo gba iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. Akọ̀wé kékeré ni mí. Mo ń gbé Mushin, mo fẹ́ ìyàwó, a bímọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, Àbújá kò ju orúkọ lọ fún wa. A ń gbọ́ pé wọ́n ti parí ìwé àyàwòrán rẹ̀ ní ọdún 1979, a ń gbọ́ pé ará Japan kan, Kenzo Tange, ló ya àárín ìlú, a sì mọ̀ pé Yorùbá bíi tiwa, Mobọ́lájí Ajose-Adeogun, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe mínísítà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ní kí ènìyàn múra Àbújá, ńṣe ni onítọ̀hún máa ń wá ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1991, ẹ̀bẹ̀ tán. Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kó ìjọba kúrò ní Èkó pátápátá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kan ọ́fíìsì tiwa. A di fáìlì sínú páálí, a kó páálí sínú lọ́rì, mo sì fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ ní Mushin. Àwa ọkùnrin mẹ́rin ló ń sun yàrá kan ní Nyanya. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ ó rí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nínú gáréèjì bí eṣú, kálukú ń sá padà lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí Àbújá ṣe rí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń dárúkọ rẹ̀ tí kò yé wọn. Àbújá mẹ́ta ló wà. Èkíní ni Àbújá àtijọ́, ìlú tó ti ní orúkọ yẹn kí ìjọba tó dé. Ìjọba mú orúkọ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi sọ olú-ìlú tuntun, ìlú àtijọ́ yẹn sì di Suleja. Ní ìpínlẹ̀ Niger ló wà títí di òní, kò sí nínú Àbújá tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ rárá! Àpáta Zuma náà ńkọ́, èyí tí wọ́n yà sí ẹ̀yìn owó ₦100 tí Awólọ́wọ̀ wà níwájú rẹ̀? Ìpínlẹ̀ Niger ló wà. Ẹ ò rí nǹkan.

Àbújá kejì ni gbogbo àgbègbè olú-ìlú àpapọ̀, ilẹ̀ tó ju 7,000 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Káńsù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: Abaji, Kwali, Gwagwalada, Kuje, Bwari, àti ti àárín ìlú tí wọ́n ń pè ní AMAC. Bí ẹ bá gba ọ̀nà tiwa lọ, láti Ìkéré sí Adó, ẹ gba Ìfàkì, Ìkọ̀lé àti Òmùò dé Kábà, kí ẹ tó bọ́ sí Lọ́kọ́já, Abaji ni ẹ ó kọ́kọ́ kàn. Awakọ̀ á ní, "A ti dé Àbújá o!" Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì jókòó nínú ọkọ̀ pẹ́, ẹ ó kọjá Kwali, ẹ ó kọjá Gwagwalada, kí ẹ tó rí iná ìlú.

Àbújá kẹta ni ìlú náà gan-an, tí ó wà ní igun kan nínú àgbègbè náà, lápá àríwá ìlà-oòrùn. Ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun. Níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni àpáta Aso wà, ilé Ààrẹ, ilé aṣòfin àti ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ sì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ àpáta náà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọ́fíìsì, lẹ́yìn náà Garki, Wuse, Maitama àti Asokoro. Ìpele-ìpele ni wọ́n pín in sí, pé bí ọ̀kan bá kún kí wọ́n ṣí èkejì. Ìlú tí yóò gba mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ó lé díẹ̀ ni wọ́n yà sórí ìwé. Ohun tí wọn kò yà sórí ìwé ni àwa: àwọn akọ̀wé, àwọn awakọ̀, àwọn alásè, àwọn bíríkìlà tó kọ́ ọ. Kubwa, Lugbe, Nyanya, Karu, títí dé Mararaba tó ti di ìpínlẹ̀ Nasarawa, ibẹ̀ ni àwa ń sùn. Ní ìdájí, àwa la máa ń kún ojú ọ̀nà bọ́ sí ìlú. Ní alẹ́, a ó tún kún un padà.

Ìjọba ibẹ̀ náà yàtọ̀ sí tiwa. Kò sí gómìnà. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ní kí wọ́n máa ṣe ibẹ̀ bí ẹni pé ìpínlẹ̀ kan ni, ṣùgbọ́n Ààrẹ ni gómìnà rẹ̀, mínísítà tí ó bá yàn ló sì ń bá a ṣe é. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í dìbò yan mínísítà. Alága káńsù ni wọ́n ń dìbò yàn, àti sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo pẹ̀lú aṣojú méjì. Ṣebí Èkìtì tiwa, bó ṣe kéré tó yìí, ní sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti aṣojú mẹ́fà, ó sì ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Ní Àbújá, ilé aṣòfin àpapọ̀ ló ń ṣe òfin fún wọn. Èyí tó wá kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nínú òfin náà ni pé gbogbo ilẹ̀ àgbègbè náà, láti Abaji dé Bwari, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Kì í ṣe ti baálẹ̀, kì í ṣe ti ìdílé, kì í ṣe ti káńsù. Mínísítà ló lè fún ènìyàn ní ìwé tó dúró lórí ilẹ̀.

Mo mọ òfin yìí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo mọ̀ ọ́n. Inú ìjọba ni mo ti ń jẹun.

Ní ọdún 1998, ẹlẹgbẹ́ mi kan mú mi lọ sí abúlé kan ní ẹ̀yìn ìlú. Ilẹ̀ náà dára. Òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, àpáta dúdú kan sì yọ orí láàárín igi. Bí mo ṣe rí àpáta yẹn ni ọkàn mi lọ sílé. Ẹni tó bá mọ Ìkéré yóò mọ̀ pé abẹ́ àpáta la dàgbà sí. Olóṣùnta ń wo wa láti òwúrọ̀ títí di alẹ́; a ń ṣọdún rẹ̀ lọ́dọọdún, a sì mọ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ láti gun òkè rẹ̀ lọ bọ ọ́. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé, "Bí ulé ni ibí yìí rí," nítorí ulé ni àwa ń pe ilé.

Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Gbagyi, àwọn tí wọ́n ń pè ní Gwárí, ń ro oko níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé igi ìdáná kọjá, èjìká ló gbé e lé, wọn kì í ru ẹrù lórí. Bàbá náà fi Haúsá bá mi sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀ tí mo gbọ́ ló jẹ́ kó yé mi. Ó ní nígbà tí ìjọba kọ́kọ́ dé, wọ́n ní gbogbo àwọn ni yóò kó kúrò, wọn yóò san owó oko àti ilé. Nígbà tó yá, owó náà pọ̀ jù fún ìjọba, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ dúró máa dúró. Wọ́n kó àwọn mìíràn, wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀. Ó tọ́ka sí àpáta náà, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi ní èdè wọn, ó sì sọ pé ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti sin bàbá àwọn. Mo gbé orí mi sókè sódò bí ẹni tó gbọ́. Mo ti ń ro ibi tí pálọ̀ mi yóò wà.

Baálẹ̀ abúlé náà gbà láti tà á. Ẹlẹgbẹ́ mi ní òun yóò bá mi gba ìwé káńsù. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ sáfèyọ̀, ọmọ Emùré-Èkìtì ni, ó bá mi yẹ ibẹ̀ wò lórí máàpù. Ó fi ìka lé e. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kun ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ọ̀nà ńlá àti pápá ni wọ́n fi èyí sílẹ̀ fún. Ẹ má rà á o. Ìwé káńsù yẹn, tákàdá lásán ni lójú òfin." Mo ní mo ti gbọ́.

Kí ló wá dé tí mo fi rà á? Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń gbé yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ìyàwó mi ń pariwo ní Èkó. Mo rí i pé àwọn mìíràn ti kọ́lé sí abúlé náà, àní àwọn tí ipò wọn ga ju tèmi lọ. Mo wá ń sọ pé ìjọba kì í wó ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tó burú jù ni pé mo ń fẹ́ kí Ìkéré gbọ́ pé mo ti di onílé ní Àbújá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Owó kò sí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bàbá wa ti kú, ó sì fi oko kòkó kan sílẹ̀ fún wa lójú ọ̀nà Ìsẹ̀, èmi àti àbúrò mi kan ṣoṣo. Àbúrò mi ló ń ro ó. Oko yẹn ló fi ń tọ́ ọmọ. Mo kọ lẹ́tà sí i pé kí a tà á, pé bí ilé Àbújá bá ti dúró, yàrá kan nínú rẹ̀ tirẹ̀ ni, owó ilé rẹ̀ yóò sì ju owó kòkó lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ó rán ẹnìkan sí mi láti bi mí ní ìbéèrè kan péré: "Ẹ bá mi bi bọ̀ọ̀dá mi, ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà yẹn, ta ló ni ín?"

Mo dá a lóhùn nínú lẹ́tà kejì. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo kọ: "Má bẹ̀rù. Ilẹ̀ ìjọba ni. Ìwé rẹ̀ pé."

Wọ́n ta oko náà ní ₦400,000. Gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sí ọwọ́ mi.

Mo kọ́lé. Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀, mo kó ìyàwó àti ọmọ wá ní ọdún 2000, a sì jẹ ìgbádùn ọdún márùn-ún. Ẹ ó rántí pé láti ọdún 2003 ni ìjọba ti sọ pé àwọn fẹ́ dá Àbújá padà sí bí wọ́n ṣe yà á sórí ìwé, wọ́n sì ń wó ilé káàkiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jí bá àmì pupa lára ògiri mi, àmì ìsọdá bí èyí tí tíṣà máa ń fi sára ìṣirò tí ọmọ kò gbà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọdún 2005, katapílà dé. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wá wó o ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìyàwó mi gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣì gbóná dání, ó dúró sójú títì, kò mọ ibi tí yóò gbé e sọ̀ sí.

Bàbá Gbagyi yẹn ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n wó ahéré tirẹ̀ náà. Òun kò rí ìlú mìíràn tó lè sọ pé òun ń padà lọ.

Nígbà tí ìròyìn dé Ìkéré, gbogbo ẹbí sunkún fún mi. "Ìjọba burúkú! Wọ́n ti rẹ́ ọmọ wa jẹ!" Àbúrò mi wọ ọkọ̀ wá bá mi ní ilé tí a há mọ́ ní Nyanya, ó gbé iṣu àti gààrí wá. Ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bọkàn jẹ́, ẹ̀mí ló ṣe pàtàkì." Mo jẹ iṣu náà. N kò sọ nǹkan kan.

Mo fẹ̀yìn tì ní ọdún 2012, mo padà sí ilé bàbá mi ní Ìkéré, mò ń gba pẹ́ńṣàn. Ìlú tiwa náà, àárín olú-ìlú méjì ló wà. Àkúrẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàwà ọdún 1996 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, Adó wà ní òkè wa. Ohun tí mo ti kíyèsí nípa olú-ìlú ni pé kò sí bí ó ṣe jìnnà tó, yóò na ọwọ́ dé ilé ẹni. Ẹ wo ilẹ̀kùn ààfin Ògògà tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tó gbẹ́ Ògògà lórí ìtẹ́ àti òyìnbó tó wá kí i. Wọ́n gbé e lọ sí ibi àfihàn ní Wembley ní ọdún 1924, Lọ́ńdọ́nù sì ni ó wà títí di òní. Bí olú-ìlú kò bá mú ilẹ̀kùn ẹni, yóò mú ọmọ ẹni, tàbí kí ó mú oko kòkó.

Àbúrò mi kò ní oko mọ́. Ó fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún, ó lọ ń bá onílẹ̀ ro kòkó lápá Emùré, tí wọ́n bá kórè, wọ́n á pín in. Nígbà tó di ọdún 2024, tí kòkó wọ́n ní gbogbo ayé, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá $10,000 ní ọjà àgbáyé, ẹni tó ra oko bàbá wa gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró. A jọ ń kọjá níwájú ilé yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi kì í wò ó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dé láti Àbújá. Ó ń tún fóònù ṣe ní Kubwa, ọmọ tó lápá ni. Ó jókòó níwájú wa, ó ní òun ti rí ilẹ̀ kan rà. Ilẹ̀ kékeré kan ló kù fún èmi àti bàbá rẹ̀ nílé yìí, nítòsí ibi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni wa ti di yunifásítì, owó rẹ̀ sì ti gòkè. Ó fẹ́ kí a tà á. Ó ní, "Dádì, Bàbá Àbújá, ẹ má bẹ̀rù. Baálẹ̀ ibẹ̀ ti fọwọ́ sí i, ìwé káńsù ń bọ̀. Ìwé rẹ̀ pé."

Òógùn bò mí. Ẹnu ọmọ náà ni, ṣùgbọ́n ohùn mi ni mo gbọ́.

N kò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá àbúrò mi ní ilé rẹ̀, ó ń lọ àdá lórí òkúta. Mo dúró, n kò lè jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: máàpù, àwọ̀ ewé, ọ̀rẹ́ mi sáfèyọ̀, ohun tí mo mọ̀ kí n tó kọ lẹ́tà. Mo ní, "Ìjọba kọ́ ló rẹ́ ọ jẹ. Èmi ni."

Kò gbé orí sókè. Ó lọ àdá náà títí ó fi mú, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́rin kò bá mi sọ̀rọ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n, mo ń fi ẹ̀yìn ògiri rìn nínú ilé bàbá mi.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó fi nǹkan kan lé mi lọ́wọ́. Lẹ́tà mi ni, èyí tí mo kọ ní ọdún 1998, ó ti pọ́n, ó ti fẹ́ẹ̀ ya níbi ìṣẹ́po. Àbúrò mi kò kàwé púpọ̀. Ọmọ aládùúgbò ló kà á fún un nígbà náà, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí nítorí ó gbà pé ẹ̀rí yàrá tirẹ̀ ni. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kà á fún un. Ẹ wá sọ ìyókù tí ẹ kò kọ síbẹ̀."

Mo kà á. Mo sọ ìyókù. Mo ṣàlàyé bí mo ti ṣàlàyé fún yín yìí, ẹni tó ni ilẹ̀ Àbújá nínú òfin, ohun tí agbára káńsù mọ, ohun tí ti mínísítà jẹ́. Mo ní, "Kí o tó san kọ́bọ̀, lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní AGIS, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ Àbújá jọ sí. Jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kí o má lọ, ìdáhùn rẹ ti dé nìyẹn. Kí o sì béèrè ẹni tó ń ro oko níbẹ̀, ibo ni yóò lọ." Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, ó wò mí. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ ń kọ ọ́, sà?" Mo ní mo mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pè láti Kubwa pé òun lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀ náà kò ní ìwé kankan. Ó ní òun yóò ṣì máa háyà.

Ó ku ohun kan. Mo pe lọ́yà àti sáfèyọ̀, mo kọ ìpín tèmi nínú ilẹ̀ tó kù yẹn fún àbúrò mi, ohun gbogbo bó ṣe yẹ, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Kò tó oko kòkó, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Nígbà tí mo gbé ìwé náà fún un, ó ní kí ọmọbìnrin rẹ̀ kà á sétí òun. Nígbà tí ọmọ náà parí, ó ní kó tún un kà. Ó wá ká a, ó fi sínú àpótí, níbi tí lẹ́tà yẹn wà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, olú-ìlú dára, orílẹ̀-èdè kò lè wà láìní in. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀nà wà níbẹ̀, ọmọ wa yóò sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí bàbá mi bi rédíò ní ọdún 1976 àti èyí tí àbúrò mi rán sí mi ní ọdún 1998, ìbéèrè kan náà ni. Ẹ bi í kí ẹ tó sanwó. Bí ẹnìkan bá sì bi yín, tí ẹ mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́.